Láti Tírípólì dé igbó Kàíńjì: bí ogun Líbyà ṣe tú àjọṣe Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ká

Olùṣọ́Ibodè (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbébọn JNIM, ẹ̀ka al-Qaeda ní Sahel (ẹkùn etí aṣálẹ̀ Sàhárà), kéde pé àwọn ti ṣe ìkọlù àkọ́kọ́ àwọn lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Málì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2017, Iyad Ag Ghali sì ni olórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: báwo ni ẹgbẹ́ tó ti aṣálẹ̀ Kidal ṣẹ̀ wá ṣe rìn títí tó fi dé igbó tó wà lẹ́yìnkùlé Kìṣí àti Ìgbòho?

Tèmi ni pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti 19 oṣù kẹta ọdún 2011, ọjọ́ tí bàálù Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ju àdó olóró sí Líbyà. Ìpinnu 1973 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n dì mú. Orílẹ̀-èdè 10 ló fọwọ́ sí i, 5 kò dìbò rárá. Nàìjíríà wà lára àwọn 10 yẹn, pẹ̀lú South Africa àti Gabon. Wọ́n pa Gaddafi, olórí Líbyà, ní Sirte ní 20 oṣù kẹwàá. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí ìbọn fi dún ní Ménaka, ní Málì, 17 oṣù kìíní ọdún 2012.

Tírípólì sí Kàyàmá, ní Kwara, lé ní 2,500 kìlómítà. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tó mọ ohun ìjà, kó sọ ti ohun ìjà. Ẹni tó mọ ìwé àdéhùn, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

---

Agbẹ̀dẹ_Irin

Ẹ ṣeun, Olùṣọ́Ibodè. Ẹ jẹ́ n mú ti ohun ìjà, torí àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gaddafi wó, ohun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ni SA-7, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan lè gbé lé èjìká kó fi ja bàálù bọ́. Wọ́n ní Gaddafi ra nǹkan bí 20,000 irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì kan wà níwájú rẹ̀ tó rí bí agolo kékeré. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kì í lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó kú, èyí tó bá sì ti pẹ́ nínú ooru, kì í tan mọ́ rárá. Púpọ̀ nínú wọn di irin lásán.

Ohun tó yí ogun Málì padà ni ìbọn ńlá 14.5 mílímítà àti 23 mílímítà tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn Toyota Land Cruiser. Kalashnikov kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò kọjá 400 mítà. Ìbọn 14.5 ń ṣọṣẹ́ dé nǹkan bí 2,000 mítà, ó sì ń la ògiri alámọ̀ kọjá bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wọ aṣọ. Sójà tó wà nínú àgọ́ kékeré kan ní àríwá Málì kò tilẹ̀ ní rí ojú ẹni tó ń pa á.

Èkejì ni àwọn ènìyàn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni Mohamed Ag Najim nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Líbyà kó tó di olórí ogun fún MNLA, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg, ẹ̀yà aṣálẹ̀ àríwá Málì. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń to ọkọ̀ ogun, tó mọ iye epo àti omi tí ọkọ̀ ogún máa jẹ lójúmọ́ nínú aṣálẹ̀, ó níye lórí ju àpótí ọta lọ. Láàárín 30 oṣù kẹta sí 1 oṣù kẹrin ọdún 2012, Kidal, Gao àti Timbuktu bọ́ lọ́wọ́ ìjọba tẹ̀lé ara wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbọn Líbyà ni wọ́n ṣì fi ń jà ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ìbọn ń gbó, ọta ń tán. Àgọ́ sójà tí wọ́n bá kó ni ọ̀pọ̀ ohun ìjà ti ń wá báyìí. Gbogbo àgọ́ tó bá wó ti di ilé ìtajà fún wọn.

---

ÌwéÌtàn

Mo fara mọ́ ohun tí Agbẹ̀dẹ sọ, àmọ́ ogun Líbyà nìkan kọ́ ló fa ti Málì. Àwọn Tuareg ti gbé ìbọn ní 1963, wọ́n tún gbé e ní 1990 àti 2006. Iná ti wà lábẹ́ eérú. Líbyà ló bu epo sí i.

Ẹ wá wo Niger (orílẹ̀-èdè náà ni mò ń wí o, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Niger tiwa). Aṣálẹ̀ kan náà ni, àwọn jagunjagun kan náà ló ń ti Líbyà bọ̀. Kí ló dé tí Niger kò fi fọ́ ní 2012? Lákọ̀ọ́kọ́, oṣù kẹrin ọdún 2011, kí Gaddafi tó kú, ni wọ́n ti fi Brigi Rafini, ọmọ Tuareg láti Iférouane, ṣe olórí ìjọba. Àwọn tó ti ṣe aṣáájú ọ̀tẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi Rhissa Ag Boula, náà wà nínú ìjọba. Èyí tó wá ṣe kókó jù ni pé sójà Niger lọ pàdé ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní ibodè, wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọ ìlú. Málì ní tirẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wọlé tàwọn tìbọn, wọ́n lọ tẹ̀dó sórí òkè ní àríwá, wọ́n sì ń gbìmọ̀ níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí a óò tún bá a pàdé. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n pa ọ̀pọ̀ sójà Málì ní Aguelhok. Àwọn sójà kékeré àti ìyàwó wọn bínú pé ìjọba rán àwọn lọ kú láìsí ohun ìjà tó péye. Ní 22 oṣù kẹta, Captain Amadou Sanogo gbàjọba ní Bamako. Ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Kidal bọ́. Wọ́n ní torí àtigba àríwá là ni àwọn ṣe gbàjọba, ìgbàjọba náà gan-an ló sì jẹ́ kí àríwá lọ.

Burkina Faso tọ ipa kan náà. Ní 14 oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n pa nǹkan bí 50 jandamu (ọlọ́pàá ológun) ní Inata. Oúnjẹ ti tán ní àgọ́ yẹn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹran tí wọ́n bá rí nítòsí ni wọ́n ń pa jẹ. Ní 24 oṣù kìíní ọdún 2022, sójà gbàjọba. Oṣù méjì ó lé díẹ̀ ló wà láàárín.

---

Àbíkẹ́yìn_ÒkèÒgùn

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tèmi: Bẹ̀nẹ̀ kò bá Málì pààlà. Kí ló wá so wọ́n pọ̀?

---

ỌmọPárákòú

Igbó ni, àbúrò.

Lẹ́yìn tí Faransé lé àwọn agbébọn tó wá di JNIM kúrò ní Timbuktu àti Gao ní 2013, wọn ò kú, ṣe ni wọ́n túká. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àárín gbùngbùn Málì, wọ́n bọ́ sí àríwá Burkina, lẹ́yìn náà sí ìlà-oòrùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni igbó W, Arly àti Pendjari wà. Igbó mẹ́ta wọ̀nyí so kọ́ra, Burkina, Niger àti Bẹ̀nẹ̀ ló jọ ni wọ́n. Kò sí odi, kò sí wáyà láàárín wọn. Láti W, ẹ tún lè gba inú igbó tó já síra wọn ní Alibori àti Borgou wá sí Kàyàmá àti igbó ọba Kàíńjì, tó fẹ̀ tó 5,341 kìlómítà níbùú lóròó.

Bí wọ́n ṣe ń wọ ibì kan nìyí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Wọ́n á kọ́kọ́ wá sinmi: ọ̀kadà mélòó kan, eniyan méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ra epo àti gàrí, wọ́n á sì san ju iye tí wọ́n ń tà á lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn. Nínú igbó ọba, darandaran lẹni náà sábà máa ń jẹ́, torí aṣọ́gbó ń gba owó ìtanràn lórí màlúù tó bá wọlé. Wọ́n á sọ fún un pé, "Máa da màlúù rẹ lọ, kò sẹ́ni tó máa mú ọ." Ìgbà tí aṣọ́gbó bá sá ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba sàká lórí màlúù kan náà. Ìwàásù á tẹ̀lé e. Àdó olóró lójú ọ̀nà á tẹ̀lé ìwàásù. Àgọ́ sójà ló máa ń gbẹ̀yìn.

Ní Bẹ̀nẹ̀: oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí arìnrìn-àjò Faransé méjì gbé ní Pendjari, wọ́n pa ẹni tó ń mú wọn kiri. Oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n kọlu sójà ní Porga. Oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba kó nǹkan bí 3,000 sójà lọ sí àríwá, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador. Ní 8 oṣù kìíní ọdún 2025, ìròyìn sọ pé sójà 28 kú. Ní 17 oṣù kẹrin ọdún náà, sójà 54 kú lọ́jọ́ kan, ní ibi ìtàkìtì omi Koudou àti ní Point Triple.

Ẹ jẹ́ n sọ bí Point Triple ṣe rí. Etí odò Mékrou ni, níbi tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Burkina àti Niger ti pàdé. Sójà Bẹ̀nẹ̀ ń ṣọ́ ìhà kan. Ìhà méjì tó kù, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ wọn dáadáa. Ẹni tó bá kọlu àgọ́ náà lè sá kọjá odò, sójà Bẹ̀nẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lé e. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ìkọlù yẹn pé, ká ní àwọn aládùúgbò kó agbára síbẹ̀ bí tiwọn ni, irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀.

---

Àbíkẹ́yìn_ÒkèÒgùn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé Niger kì í ran Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni? Kí ni wọ́n jọ tahùn sí?

---

AmòfinÀdúgbò

Ibi tí májẹ̀mú ti já gan-an lẹ bi yẹn. Mo máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Niger àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ní àdéhùn ológun. Ní 26 oṣù keje ọdún 2023, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani yọ Ààrẹ Mohamed Bazoum nípò ní Niamey. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ECOWAS, tí Ààrẹ Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága rẹ̀ ní 9 oṣù yẹn, fún wọn ní ọjọ́ méje: ẹ dá Bazoum padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a lè lo agbára. Bẹ̀nẹ̀ wà lẹ́yìn ECOWAS. Ní 12 oṣù kẹsàn-án, Niger fagi lé àdéhùn ológun pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀, ó ní wọ́n ń kó sójà jọ láti gbógun ti òun.

Kí ló dé tí ìhàlẹ̀ yẹn kò fi ṣiṣẹ́? Ẹ fi wé Gambia ní oṣù kìíní ọdún 2017, níbi tí Ààrẹ Jammeh ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láìjà. Gambia kéré, Senegal yí i ká, Jammeh ti fìdí rẹmi nínú ìbò, ẹni tó borí sì wà níta tó ń pè fún ìrànlọ́wọ́. Niger lé ní mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó. Ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà nìkan tó nǹkan bí 1,500 kìlómítà. Bazoum wà ní àhámọ́ láàárín àwọn tó fẹ́ bá jà. "Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìmúrasílẹ̀" ECOWAS kò sì jókòó síbì kankan tó ń dúró de àṣẹ. Ìlérí ni: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á mú iye sójà báyìí wá nígbà tí wọ́n bá pè. Ẹni tí wọ́n ń wojú rẹ̀ jù ni Nàìjíríà, sójà tirẹ̀ sì ti wà lójú ogun ní Borno, Zamfara àti Kàdúná.

Òfin ilé náà tún wà níbẹ̀. Abala 5 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé ààrẹ kò lè rán sójà lọ jagun lókè òkun láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i. Wọ́n jókòó lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, wọ́n ní kó wá ọ̀nà àlàáfíà. Gbogbo ayé ló gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Niamey ti mọ̀ pé kò sí ogun tó ń bọ̀.

Àmọ́ ìyà tó bá ìhàlẹ̀ náà wá ti balẹ̀. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń gba Birnin Kebbi lọ sí Niger, èyí tó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò. Wọ́n ti ibodè pa. Aráàlú ló jìyà rẹ̀, àwọn ológun sì ń fi hàn wọ́n lójoojúmọ́ pé, "Ẹ wo ohun tí àwọn aládùúgbò yín ń ṣe sí yín." Nínú ìmọ̀ tèmi, àṣìṣe tó burú jù tí ECOWAS ṣe láti ọdún 1975 nìyẹn: wọ́n fi ogun tí wọn ò lè jà halẹ̀, wọ́n sì fi ebi tí wọ́n lè fà ṣe é.

Ní 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Málì, Burkina àti Niger fọwọ́ sí ìwé májẹ̀mú Liptako-Gourma. Abala 6 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá kọlu ọ̀kan ti kọlu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. AES, àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè Sahel, nìyẹn. Ní 28 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ní àwọn ń kúrò ní ECOWAS. Abala 91 ìwé ECOWAS ní kí ẹni tó ń lọ fi ọdún kan ṣe ìkìlọ̀, nítorí náà 29 oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n kúrò pátápátá. 15 di 12. Ilẹ̀ àwọn mẹ́ta tó lọ ju ìdajì gbogbo ilẹ̀ ECOWAS lọ.

---

Olùṣọ́Ibodè

Amòfin ti sọ ti ìwé. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń bà jẹ́ lójú ogun tí ìwé bá ti ya.

Ohun tó kọ́kọ́ ń lọ ni fóònù. Ọ̀gá sójà ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ tó mọ nọ́ńbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìhà Niger lè pè é ní aago méjì òru pé ọ̀kadà 40 ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Tí àdéhùn bá ti parí, ìpè yẹn lè di ẹ̀sùn amí fún ẹni tó gbé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tọ́ àtilépa: òfin kò gbà kí o tẹ̀ lé ọ̀tá kọjá ààlà mọ́, kódà kí o ṣì máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀kẹta ni ojú òfúrufú. Amẹ́ríkà ní ibùdó dróònù ní Agadez, wọ́n ná tó 110 mílíọ̀nù dọ́là lé e. Wọ́n dá a padà fún Niger ní 5 oṣù kẹjọ ọdún 2024. Faransé ti kúrò ní Niger láti 22 oṣù kejìlá ọdún 2023. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó MINUSMA, ọmọ ogun tó fi ń pa àlàáfíà mọ́, kúrò ní Málì ní òpin ọdún kan náà. Ojú tó ń wo aṣálẹ̀ látòkè dín kù láàárín ọdún kan.

Ní ìhà Adágún Ṣáàdì náà, Niger jáde nínú MNJTF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ tó ń gbógun ti Boko Haram, ní òpin oṣù kẹta ọdún 2025. Àwọn tó kù níbẹ̀ ni Nàìjíríà, Ṣáàdì, Cameroon àti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn Boko Haram àti ISWAP mọ̀ pé etí adágún ní ìhà Diffa ti di ibi tí wọ́n lè yà sí.

Àpẹẹrẹ kan tún wà. Ní 8 oṣù kejìlá ọdún 2025, bàálù C-130 ti ilé iṣẹ́ ológun òfúrufú Nàìjíríà sọ̀ kalẹ̀ ní Bobo-Dioulasso, ní Burkina. Nàìjíríà ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló ní ìṣòro, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ̀ síbi tó sún mọ́ jù. AES ní wọ́n rú òfin òfúrufú àwọn. Wọ́n dá ọmọ ogun 11 dúró fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ì bá parí lórí tẹlifóònù.

---

ÀgbàAlájàpá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọjà. Àjọṣe tó já máa ń kọ́kọ́ hàn lójú títì.

Ọ̀nà àtijọ́ nìyí: ẹrù bọ́ sílẹ̀ ní Kútọnu, tírélà gbé e gba Párákòú àti Kandi lọ sí Malanville, ó kọjá afárá Odò Ọya sí Gaya, ó di Niamey. Ọ̀nà kan ṣoṣo, ibodè kan ṣoṣo. Niger ti ìhà tirẹ̀ pa lẹ́yìn ìgbàjọba 2023, kò sì ṣí i bí Bẹ̀nẹ̀ tilẹ̀ ṣí tirẹ̀.

Ọ̀nà tuntun: ẹrù bọ́ sílẹ̀ ní Lomé, ó gba Cinkassé wọ Burkina, ó gba Fada N'Gourma àti Kantchari kọjá, ó wọ Niger láti ìhà Torodi. Ẹ wò ó dáadáa: ìlà-oòrùn Burkina tí ỌmọPárákòú ń sọ nípa rẹ̀ gan-an ni. Tírélà gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀wọ́ tí sójà máa sìn. Wọ́n lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ ń jẹun, ẹrù ń bàjẹ́, owó adójútòfò ẹrù ń gòkè, nígbà míì wọ́n á tún dáná sun ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń já sórí iye tí ìrẹsì ń tà ní Niamey. Tógò sì rí èrè níbẹ̀, ìdí kan nìyẹn tí Lomé fi ń fi ohùn tútù bá AES sọ̀rọ̀ ju Kútọnu lọ.

Epo rọ̀bì náà ńkọ́? Páìpù tó tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà, tí ilé iṣẹ́ Ṣáínà fi láti Agadem dé Sèmè létí òkun Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ ní Niger kò lè rù ú sí ọkọ̀ ojú omi tó bá ń ti ibodè mọ́ àwọn. Ṣáínà ló bẹ̀ wọ́n. Orílẹ̀-èdè méjì tí páìpù kan ṣoṣo so pọ̀, wọn ò lè pàdé lórí afárá kan ṣoṣo.

---

Agbẹ̀dẹ_Irin

Ogun kejì tó jìnnà tún wọ̀ ọ́: Ukréìn.

Wagner, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àdáni ti Rọ́ṣíà, dé Málì ní òpin ọdún 2021, Faransé sì kó àwọn tó kẹ́yìn nínú ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Gao ní 15 oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà ti wọ ogun ńlá nígbà yẹn, ọmọ ogun kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. MINUSMA tó kúrò lé ní 13,000. Àwọn ará Rọ́ṣíà tó wà ní Málì kò ju 1,000 sí 2,000 lọ. Wọn ò lè dí àlàfo yẹn. Ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn Tuareg ṣẹ́gun Wagner àti sójà Málì ní Tinzaouaten, létí ààlà Algeria. Agbẹnusọ kan fún àwọn amí Ukréìn sọ ohun tó jọ pé àwọn fún wọn ní ìsọfúnni; Málì àti Niger já àjọṣe pẹ̀lú Ukréìn ní oṣù kẹjọ. Nínú oṣù yẹn kan náà, Ukréìn wọ Kursk, Rọ́ṣíà sì kó nǹkan bí 100 ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Burkina lọ gbèjà ilé.

Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń ṣọ́ ààfin Ouagadougou, ìjà ilẹ̀ Kursk ló pè é lọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Bọ̀rgú

Mo ti ń kà láti òwúrọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹ̀bi lé AES lórí. ECOWAS dákẹ́ nígbà tí àwọn ààrẹ kan ń yí òfin padà kí wọ́n lè ṣe sáà kẹta, ó wá rí ohùn nígbà tí sójà gbàjọba. Ará Niamey rí i.

Lẹ́yìn náà, kì í ṣe JNIM nìkan ló wà ní Kàíńjì. Ẹgbẹ́ agbébọn Mahmuda ti wà níbẹ̀ kí JNIM tó kéde orúkọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà sọ pé ọwọ́ tẹ olórí Ansaru (ẹgbẹ́ tó ya kúrò lára Boko Haram) àti olórí Mahmuda. Ọmọ ilé ni wọ́n. Àwọn ajínigbé tó sá fún sójà ní Zamfara náà ti dé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru; ṣùgbọ́n kòkòrò wà lẹ́nu tiwa náà. Igbó tí ìjọba pa tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí aṣọ́gbó rẹ̀ kò ní ọkọ̀ àti rédíò, ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́.

---

ÌwéÌtàn

Òótọ́ ni, ẹ̀bi pín. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ogun Líbyà kò tíì tán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn àdó olóró àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ Ṣáàdì, FACT, tó fi gúúsù Líbyà ṣe ibùdó wọ Ṣáàdì, Ààrẹ Idriss Déby sì kú nínú ìjà náà. Ọkùnrin tí sójà rẹ̀ jẹ́ òpó fún gbogbo ìjà Sahel.

---

ỌmọPárákòú

Mo ní ká tún padà sí ohun tí ÌwéÌtàn ní ká fi sọ́kàn, torí ó ti dé ilé wa.

Ní 7 oṣù kejìlá ọdún 2025, àwọn sójà kan tí Lieutenant-Colonel Pascal Tigri ṣáájú hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ ni ètò ààbò tó ń bàjẹ́ ní àríwá àti bí wọ́n ṣe pa àwọn sójà tó kú síbẹ̀ tì. Aguelhok, Inata, Point Triple: ohùn kan náà.

Ìyàtọ̀ wà lọ́tẹ̀ yìí. Bẹ̀nẹ̀ kọ ìwé sí Nàìjíríà, ó bẹ̀bẹ̀ fún bàálù. Bàálù ogun Nàìjíríà fò lọ́jọ́ náà gan-an, sójà orí ilẹ̀ tẹ̀ lé wọn. ECOWAS ní kí Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti Sierra Leone rán ọmọ ogun wá. Ìdìtẹ̀ náà kùnà. Ohun tí wọn ò lè ṣe ní Niamey ní 2023, wọ́n ṣe é ní Kútọnu láàárín wákàtí mélòó kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ààrẹ kò sí lọ́wọ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ ló pè, sójà tirẹ̀ tó pọ̀ jù dúró tì í, Kútọnu kò sì jìnnà sí Èkó.

---

Àbíkẹ́yìn_ÒkèÒgùn

Kí wá ni ṣíṣe fún àwa tó wà ní Ṣakí, Kìṣí, Igbẹ́tì, àti àwọn aládùúgbò wa ní Bàrùtẹ́n?

---

Olùṣọ́Ibodè

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ohun tí mo rò nìyí.

Ẹ ṣọ́ epo kí ẹ tó ṣọ́ ìbọn. Ọ̀kadà kì í rìn nínú igbó láìsí epo. Ẹni tí kò ní oko tàbí ìsọ̀, tó ń ra kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó yẹ kí alága ọjà gbọ́. Ẹ ṣọ́ ìgbà tí darandaran bá dẹ́kun sísan owó ìtanràn lójijì. Ẹ ṣọ́ ìgbà tí aṣọ́gbó bá dẹ́kun wíwọ igbó. Bí òpó fóònù bá wó ní abúlé, ẹ má kàn rò pé olè wáyà ni.

Ẹ má lé àwọn Fúlàní tó ti ń gbé pẹ̀lú yín láti ìran dé ìran. Ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Burkina, tí àwọn fijilanté pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹgbẹ́ náà rí ọmọ ogun gbà níbẹ̀. Olórí Fúlàní àdúgbò ni ó kọ́kọ́ máa mọ̀ pé àlejò wọ gáà.

Àmọ̀tẹ́kùn ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà láti oṣù kìíní ọdún 2020, ṣùgbọ́n Kwara kò sí nínú rẹ̀. Àṣẹ wọn dópin níbi tí Ọ̀yọ́ ti dópin. Ààlà Ọ̀yọ́ àti Kwara ti di Point Triple kékeré nìyẹn. Gómìnà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé pé ẹni tó ń lépa lè kọjá, títí dé ibo, àti ta ni yóò pè kó tó kọjá.

Ní ti Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà kan wà tí Abuja kò lò tó. Àwọn Ìbàrìbá Bàrùtẹ́n àti ti Nikki, ìdílé kan náà ni. Ọba Nikki ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń pàdé níbi ọdún Gaani lọ́dọọdún. Láti Chikanda sí Nikki kò jìnnà rárá. Ìròyìn tó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ọba kọjá ibodè yára ju lẹ́tà láti ilé iṣẹ́ ìjọba kan sí èkejì. Kí àwọn ọ̀gá sójà ìhà méjèèjì jókòó pẹ̀lú wọn lóṣooṣù.

---

ÀgbàAlájàpá

Olùṣọ́Ibodè, ẹ fi Malanville kún àwọn ibi tí ẹ ní ká ṣọ́. Títí di òpin ọdún 2025, ìhà Bẹ̀nẹ̀ afárá náà ṣí, ìhà Gaya tì. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló wá ń gbé eniyan, àlùbọ́sà àti epo kọjá nísàlẹ̀ afárá, ní ọ̀sán àti ní òru. Aṣọ́bodè dúró sórí afárá tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́.